Eré Sísá Ni Ó Yẹ Kí Ilé-Ìwé Wa Fi Ṣáájú

Ìbéèrè: Nínú gbogbo eré ìdárayá tí à ń ṣe ní ilé-ìwé, èwo ni o rò pé ó yẹ kí a fún ní ààyè jù lọ? Sọ èrò rẹ, kí o sì fi ẹ̀rí gbè é lẹ́sẹ̀.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní a kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán. Bí a kò bá lé nǹkan, nǹkan ni ó ń lé wa. Òwe yìí fi hàn pé kò sí ẹni tí ń sáré láìnídìí. Ṣùgbọ́n bí a bá wo àwọn ilé-ìwé wa lónìí, ó dà bí ẹni pé àwọn ọ̀gá àti àwọn òbí kò rí ìdí kankan tí ó fi yẹ kí ọmọ sáré, àfi ní ọjọ́ kan ṣoṣo lọ́dún, nígbà tí a bá ń ṣe ìdíje láàárín ilé sí ilé. Ní ọjọ́ náà, a ó fi ẹfun fa ìlà sórí pápá, àwọn ọmọ yóò wọ aṣọ pupa, búlúù, ewé àti yẹ́lò, wọn yóò yíde níwájú àwọn àlejò pàtàkì, a ó sì pín ife. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá fi máa mọ́, pápá ti padà di ti bọ́ọ̀lù títí di ọdún tí ń bọ̀. Èrò tèmi ni pé èyí kò tọ́. Mo gbà pé eré sísá ni ó yẹ kí ó jẹ́ olórí eré ìdárayá ní gbogbo ilé-ìwé girama wa, kí bọ́ọ̀lù àti àwọn eré yòókù sì máa tẹ̀ lé e. N ó sọ ìdí mi lọ́kọ̀ọ̀kan.

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, ó yẹ kí n sọ ọ́ gbangba pé n kò kórìíra bọ́ọ̀lù. Ìpọ̀nrí ni mo fi ṣe ibùgbé, àwọn ọmọ àdúgbò wa kì í sì í jẹ́ kí òpópónà sinmi lọ́jọ́ Sátidé nítorí mọ́ńkí-pósìtì. Láti ọjà Ìpọ̀nrí, ẹni tí ara rẹ̀ bá le lè fi ẹsẹ̀ rìn dé Pápá Ìṣeré Orílẹ̀-Èdè ní Sùúrùlérè. Ibẹ̀ ni Nàìjíríà ti na Àlgéríà ní ayò mẹ́ta sí òdo ní ọjọ́ 22 oṣù kẹta, ọdún 1980, tí a sì gba ife-ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́. Segun Odegbami gbá méjì wọlé, Muda Lawal gbá ẹ̀kẹta. Odegbami yìí kàwé ní Politẹ́kíníìkì Ìbàdàn. Adokiye Amiesimaka tí ó wà nínú ikọ̀ kan náà kẹ́kọ̀ọ́ òfin ní Yunifásítì Èkó, ó sì di kọmíṣọ́nnà fún ètò ìdájọ́ ní Ìpínlẹ̀ Rivers lẹ́yìn náà. Ní Akókà, St. Finbarr's College tí Fadá Denis Slattery dá sílẹ̀ ní 1956 ni Stephen Keshi àti Henry Nwosu ti gbá bọ́ọ̀lù ilé-ìwé kí òkìkí wọn tó kàn káàkiri. Ta ni yóò rí gbogbo èyí tí yóò sọ pé bọ́ọ̀lù kò ṣe wá lóore?

Ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀pọ̀ ọmọ ìsinsìnyí kò mọ̀ ni pé kì í ṣe bọ́ọ̀lù nìkan ni a tìtorí rẹ̀ kọ́ pápá ńlá náà. Ọdún 1972 ni wọ́n parí rẹ̀, ní ìgbáradì fún Ìdíje Eré Ìdárayá Gbogbo Ilẹ̀ Áfíríkà ẹlẹ́ẹ̀kejì tí ó wáyé níbẹ̀ ní oṣù kìíní, ọdún 1973. Ojú ọ̀nà tí àwọn asáré ń tọ̀ yí pápá bọ́ọ̀lù náà ká. Síbẹ̀, àárín nìkan ni a máa ń wò. Ohun tí ó yí i ká, a fi í sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, koríko hù níbẹ̀, ó sì ń bàjẹ́ lọ lójú wa. Bí a ti ṣe pápá ìjọba yẹn náà ni a ṣe pápá ilé-ìwé wa.

Ìdí kìíní tí mo fi gbè sẹ́yìn eré sísá ni òdodo tí ó wà nínú rẹ̀. Bí a bá fẹ́ yan ọmọ mọ́kànlá tí yóò gbá bọ́ọ̀lù fún ilé-ìwé, ojú ni a fi ń yàn wọ́n, ojú sì lè ṣe ojúsàájú. Ọmọ ọ̀gá lè wọlé, ọmọ tí bàbá rẹ̀ ra bọ́ọ̀lù fún ilé-ìwé lè wọlé, kí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n gbá jù wọ́n lọ sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá. Ní ojú ìlà eré sísá, kò sí bẹ́ẹ̀. Aago kò mọ ọmọ olówó, okùn ìparí kò mọ ọmọ ọ̀gá. Ẹni tí ó fi ìṣẹ́jú àáyá 11 sá mítà 100 yára ju ẹni tí ó fi 12 sá a lọ, kò sì sí ẹ̀bẹ̀ tí yóò yí i padà. Ní ìlú tí ó jẹ́ pé “Ta ni o mọ̀?” ni ìbéèrè àkọ́kọ́ ní ibi púpọ̀, ó dára kí ọmọ rí ibì kan, ó kéré tán, tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ nìkan ti lè sọ̀rọ̀ fún un. Ọmọ tí ó bá ti rí irú òdodo bẹ́ẹ̀ rí ní kékeré yóò mọ̀ ọ́n nígbà tí ó bá dàgbà, yóò sì mọ̀ nígbà tí wọ́n bá fi dù ú.

Ìdí kejì ni pé eré sísá gba gbogbo ọmọ mọ́ra, kò sì ná ni lówó púpọ̀. Ilé-ìwé tí ó ní ọmọ 600 kò lè fi ju nǹkan bí ogún lọ sínú ikọ̀ bọ́ọ̀lù. Àwọn 580 yòókù yóò dúró, wọn yóò máa pàtẹ́wọ́. Eré sísá kò rí bẹ́ẹ̀. Èyí tí ó yára bí àṣá, èyí tí kò yára ṣùgbọ́n tí kì í tètè rẹ̀, èyí tí itan rẹ̀ le fún fífò, gbogbo wọn ni ó ní ibi tí wọ́n lè bọ́ sí: mítà 100 wà, 400 wà, 1,500 wà, fífò jìnnà àti fífò sókè sì wà. Ẹfun, fèrè, aago kan àti ilẹ̀ tí ó tẹ́jú ti tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Bí a bá tilẹ̀ wò ó dáadáa, eré sísá ni ìpìlẹ̀ àwọn eré yòókù. Ọmọ tí kò lè sáré kò lè gbá bọ́ọ̀lù fún àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú, bẹ́ẹ̀ ni kò lè ta bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ pẹ́.

Lábẹ́ ìdí kejì yìí, n kò lè ṣàì mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ àwọn ọmọbìnrin. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé, bí a bá ti sọ pé “eré ìdárayá”, àwọn ọmọkùnrin ni à ń sọ. Bí o bá sì bi ọmọ Nàìjíríà léèrè pé kí ni ó rántí nípa Òlíńpíìkì tí wọ́n ṣe ní Atlanta ní 1996, Kanu àti Okocha ni yóò kọ́kọ́ dárúkọ, nítorí pé àwọn ọmọ bọ́ọ̀lù wa gba wúrà níbẹ̀. Ohun tí ó bọ́ sọnù nínú ìtàn náà ni pé ní ọjọ́ kan ṣáájú wọn, Chioma Ajunwa, ọlọ́pàá obìnrin, ti fò jìnnà tó mítà 7.12, ó sì ti gba wúrà Òlíńpíìkì àkọ́kọ́ tí ọmọ Nàìjíríà gbà láti ìgbà tí a ti dáyé. Falilat Ogunkoya sá mítà 400 ní ìṣẹ́jú àáyá 49.10, ó gba idẹ. Mary Onyali gba idẹ nínú mítà 200. Bisi Afolabi, Fatima Yusuf, Charity Opara àti Ogunkoya yìí kan náà tún gba fàdákà nígbà tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn sá mítà 400 tirẹ̀ tí ó sì fa ọ̀pá lé ẹnì kejì lọ́wọ́. Àmì-ẹ̀yẹ mẹ́fà ni Nàìjíríà gbà ní Atlanta. Mẹ́rin nínú rẹ̀ jẹ́ ti obìnrin, orí pápá eré sísá àti fífò ni wọ́n sì ti gbà á. Òbí tí ó bá sọ fún ọmọbìnrin rẹ̀ pé eré sísá kò yẹ obìnrin, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka ìṣirò yìí sí i létí.

Ìdí kẹta ni ti ìwà. Àwọn kan a máa sọ pé bọ́ọ̀lù nìkan ni ó ń kọ́ ọmọ ní àjùmọ̀ṣe, pé tara rẹ̀ nìkan ni asáré mọ̀. Ẹni tí ó bá sọ bẹ́ẹ̀ kò tí ì fara balẹ̀ wo rílè, ìyẹn eré ìje tí ẹni mẹ́rin ti ń fa ọ̀pá lé ara wọn lọ́wọ́. Nínú rílè mítà 100 lọ́nà mẹ́rin, mítà 30 péré ni òfin fi sílẹ̀ fún asáré méjì láti fi ọ̀pá lé ara wọn lọ́wọ́. Ẹni tí ń gbà á ti ń sáré lọ, kò sì ní bojú wẹ̀yìn. Ó na ọwọ́ sẹ́yìn, ó sì gbà pé ẹnì kejì òun yóò fi ọ̀pá sí i. Bí ọ̀kan bá yára jù, tàbí tí èkejì lọ́ra, iṣẹ́ ẹni mẹ́rin ti bàjẹ́ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n fi Òlíńpíìkì Beijing ti ọdún 2008 ṣe àpẹẹrẹ. Nínú mítà 100 àwọn obìnrin, ọmọ Jàmáíkà mẹ́ta ni ó ṣíwájú gbogbo ayé: Shelly-Ann Fraser, Sherone Simpson àti Kerron Stewart. Nígbà tí ó kan rílè, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tún wà nínú ikọ̀ wọn, Veronica Campbell-Brown tí ó gba wúrà mítà 200 sì ṣe ìkẹrin. Ta ni yóò lè lé wọn bá? Ṣùgbọ́n ọ̀pá kò bọ́ sí ọwọ́ bí ó ti yẹ láàárín wọn, wọn kò sì rí nǹkan kan gbà. Àwọn ará Amẹ́ríkà tilẹ̀ ti já ọ̀pá tiwọn sílẹ̀ kí ó tó di àṣekágbá. Àwọn ọmọ tiwa, Franca Idoko, Gloria Kemasuode, Halimat Ismaila àti Damola Osayomi, kò yára tó àwọn ará Jàmáíkà wọ̀nyí bí a bá mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ọ̀pá tiwọn dé ilé. Wọ́n gba idẹ. Nígbà tí ó di 2016, tí wọ́n gba wúrà lọ́wọ́ Rọ́ṣíà nítorí oògùn tí òfin eré kà léèwọ̀, idẹ wa di fàdákà. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ẹni mẹ́rin tí ó yára kò tíì di ikọ̀, àfi bí wọ́n bá ti jọ fi ọ̀pá lé ara wọn lọ́wọ́ títí ó fi mọ́ wọn lára. Ẹ̀kọ́ wo ni bọ́ọ̀lù lè kọ́ ọmọ nípa àjùmọ̀ṣe tí ó ju èyí lọ?

Ìdí kẹrin ni ó kan ẹ̀yin tí ẹ ń múra ìdánwò sílẹ̀ jù lọ: eré sísá àti ìwé kíkà kì í ṣe ọ̀tá ara wọn. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn yunifásítì ni ó ń tọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ asáré dàgbà. Wọ́n a máa fún ẹni tí ó yára ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, òun náà a sì máa sáré fún wọn. Ṣùgbọ́n kò lè máa sáré bí kò bá máa yege nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé ikọ̀ yunifásítì wo ni mo fẹ́ràn jù, èmi tí ilé mi kò kúrò ní Ìpọ̀nrí, Yunifásítì Texas tí ó wà ní El Paso ni n ó dárúkọ. Inú aṣálẹ̀ ni ìlú náà wà, ní ẹnu ààlà Mẹ́síkò. N kò dé ibẹ̀ rí, ṣùgbọ́n mo mọ àwọn ọmọ wa tí ó ti ibẹ̀ jáde. Olapade Adeniken, tí wọ́n bí ní Òṣogbo, sáré fún wọn. Ní 1992, ó gba ipò kìíní nínú mítà 100 àti 200 láàárín gbogbo yunifásítì Amẹ́ríkà, ó sì wà nínú àwọn ọmọkùnrin wa tí ó gba fàdákà rílè ní Òlíńpíìkì Barcelona ní ọdún yẹn kan náà. Damola Osayomi tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, ọmọ tí wọ́n bí ní Iléṣà, sáré fún wọn pẹ̀lú.

Lẹ́yìn wọn ni Tobi Amusan dé. Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n ti bí i ní 1997, ibẹ̀ ni ó sì ti lọ sí ilé-ìwé girama. Eré mítà 100 tí a ti ń fo igi ìdènà ni tirẹ̀, èyí tí ó ṣòro fún ọ̀pọ̀ ilé-ìwé wa láti kọ́ ọmọ, nítorí pé igi ìdènà kò sí. Ní 2017, ó di ẹni àkọ́kọ́ láàárín àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà ní ìlú Eugene. Ní oṣù keje ọdún 2022, ní ìlú Eugene kan náà, ó sá eré yìí ní ìṣẹ́jú àáyá 12.12, kò sì sí obìnrin kankan ní gbogbo ayé tí ó sá a tó bẹ́ẹ̀ rí ṣáájú rẹ̀. Ọjọ́ yẹn kan náà ni ó di aṣíwájú àgbáyé. Inú mi dùn púpọ̀. Ṣùgbọ́n mo tún bi ara mi léèrè pé: kí ló dé tí ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde fi ní láti dé inú aṣálẹ̀ Texas kí ó tó rí olùkọ́, igi ìdènà àti pápá ní ibi kan ṣoṣo? A ní ìdíje àwọn yunifásítì tiwa, NUGA, tí a kọ́kọ́ ṣe ní Ìbàdàn ní 1966, tí Yunifásítì Èkó sì gbà lálejò ní 2022. Ó dára, ṣùgbọ́n ìdíje nìkan kò tó. Ẹni tí yóò kórè ní yunifásítì ní láti ti gbìn ní ilé-ìwé girama.

Kí ẹ sì kíyè sí i pé ìwé ni ó ń ṣí ilẹ̀kùn náà. Mo mọ ọmọkùnrin kan, n kò ní dárúkọ rẹ̀, ní ọ̀kan nínú àwọn ilé-ìwé tí mo ti ṣiṣẹ́. Kò sí ẹni tí ó lè lé e bá nínú mítà 200 ní gbogbo agbègbè Mushin nígbà ayé tirẹ̀. Lẹ́tà dé sí i láti yunifásítì kan ní òkè-òkun. Ohun àkọ́kọ́ tí lẹ́tà náà béèrè kì í ṣe ìṣẹ́jú àáyá tí ó fi ń sáré, wọ́n ti mọ ìyẹn. Èsì ìdánwò rẹ̀ ni wọ́n béèrè. Èdè Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò kò wọlé fún un. Ó tún ìdánwò náà ṣe lẹ́ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n kí èsì tí ó dára tó jáde, àyè náà ti bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé e dé ẹnu ọ̀nà, kọ́kọ́rọ́ ni kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn olùkọ́ tí ó ń gbà á láyè láti sá kúrò ní kíláàsì nítorí pé ó ń gba ife wá fún ilé-ìwé kò ṣe é lóore.

Àwọn tí kò gbà pẹ̀lú mi yóò sọ pé bọ́ọ̀lù ni ó ń mú owó wá. N kò jiyàn. Ẹni tí ó bá rí ṣe nínú bọ́ọ̀lù lè kọ́ ilé fún bàbá àti ìyá rẹ̀ kí ó tó pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ṣùgbọ́n ẹ wo iye ọmọ tí ń gbá bọ́ọ̀lù lójoojúmọ́ láti Ìpọ̀nrí dé Ojúẹlẹ́gba, kí ẹ wá ka iye àwọn tí ó ti tibẹ̀ dé òkè-òkun. Púpọ̀ nínú àwọn yòókù ti fi ìwé sílẹ̀ nítorí ìrètí yẹn. Asáré tí ó gba ọ̀nà yunifásítì lọ, bí kò bá tilẹ̀ gba àmì-ẹ̀yẹ kankan, yóò mú ìwé-ẹ̀rí bọ̀ wálé. Ẹsẹ̀ a máa darúgbó, ìmọ̀ kì í darúgbó.

Àwọn mìíràn yóò sọ pé kò sí ilẹ̀ mọ́ ní Èkó. Òótọ́ ni èyí pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ni ó ti kọ́ kíláàsì tuntun sórí pápá wọn, àwọn kan sì ti kọ́ ìsọ̀ tí wọ́n fi ń gba owó. Ṣùgbọ́n bí mítà 400 kò bá sí, ṣé mítà 60 kò sí ni? Mítà 60 jẹ́ eré ìje tí gbogbo ayé mọ̀, tí wọ́n ń sá nínú ilé ní àkókò òtútù ní ilẹ̀ aláwọ̀ funfun. A lè fi ẹfun fa ìlà méjì sí ẹ̀gbẹ́ odi ilé-ìwé, kí àwọn ọmọ máa sá a ní àárọ̀ kí agogo tó lù. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí àwọn ilé-ìwé mélòó kan para pọ̀ láti bẹ àwọn tí ó ní pápá ńlá, bí Pápá Ìṣeré Teslim Balogun ní Sùúrùlérè, Yaba Tech tàbí Yunifásítì Èkó, pé kí wọ́n yá wọn ní wákàtí mẹ́rin. Ohun tí a kò bá béèrè, a kò lè sọ pé wọ́n fi dù wá.

N kò ní fi dúdú pe funfun: eré sísá ní àbùkù tirẹ̀. Àkọ́kọ́ ni irọ́ ọjọ́ orí. Àgbàlagbà tí ó bá ọmọdé díje ti ja ọmọdé náà lólè. Èkejì ni oògùn. Ní Òlíńpíìkì Sydney ní 2000, àwọn ọmọkùnrin wa, Clement Chukwu, Jude Monye, Sunday Bada àti Enefiok Udo-Obong, ṣe ìkejì sí Amẹ́ríkà nínú rílè mítà 400 lọ́nà mẹ́rin. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, ọ̀kan nínú àwọn ará Amẹ́ríkà náà, Antonio Pettigrew, jẹ́wọ́ pé òun lo oògùn. Ní 2012, wọ́n kéde pé àwọn ọmọ wa ni ó ni wúrà. Ṣùgbọ́n Sunday Bada ti kú ní oṣù kejìlá ọdún 2011. Ó sáré lóòótọ́, ó jàre, kò sì gbọ́ ọ títí ó fi kú pé òun ni ó borí. Ẹni tí ó bá ń wò ó pé oògùn díẹ̀ kò pa ẹnikẹ́ni lára, kí ó rántí ọkùnrin yìí. Ẹ̀kẹta ni àìbìkítà àwọn alábòójútó. Ní Òlíńpíìkì Tokyo tí wọ́n ṣe ní 2021, mẹ́wàá nínú àwọn eléré wa ni wọn kò jẹ́ kí ó díje, kì í ṣe pé wọ́n lo oògùn, bí kò ṣe pé àyẹ̀wò tí ó yẹ kí a ti ṣe fún wọn ṣáájú kò pé iye. Ọdún mélòó ni ènìyàn fi ń múra sílẹ̀ fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀! Síbẹ̀, àbùkù wọ̀nyí kì í ṣe ìdí láti pa eré sísá tì. Ìdí ni wọ́n jẹ́ láti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ilé-ìwé, níbi tí a ti lè kọ́ ọmọ ní òtítọ́ àti ètò kí ó tó di pé owó wọ ọ̀rọ̀ náà.

Kí wá ni kí a ṣe? Èkíní, kí gbogbo ilé-ìwé máa ṣe ìdíje eré sísá ní sáà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún. Èkejì, kí a ní ìwé kan tí a ó máa kọ orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan sí, pẹ̀lú ọjọ́ tí a bí i àti ìṣẹ́jú àáyá tí ó fi sáré, láti kíláàsì kìíní títí yóò fi jáde. Ẹni tí a ti kọ ọjọ́ orí rẹ̀ sílẹ̀ ní ọmọ ọdún mọ́kànlá kò ní rí i purọ́ rẹ̀ ní ọmọ ogún ọdún. Ẹ̀kẹta, kí iye ọmọbìnrin tí yóò sáré dọ́gba pẹ̀lú ti ọmọkùnrin. Ẹ̀kẹrin, kí ẹnikẹ́ni tí kò wá sí kíláàsì má ṣe sáré fún ilé-ìwé, ìbáà ṣe òun ni ó yára jù lábẹ́ ọ̀run.

Ní àkótán, mo ti gbìyànjú láti fi hàn pé eré sísá ní òdodo, pé ó gba tọkùnrin tobìnrin mọ́ra láìná owó púpọ̀, pé ó ń kọ́ ni ní àjùmọ̀ṣe, àti pé ó ń bá ìwé kíkà rìn. Mo sì ti dáhùn ọ̀rọ̀ àwọn tí ó ń sọ pé owó kò sí níbẹ̀ tàbí pé ilẹ̀ kò sí mọ́. Kí bọ́ọ̀lù má ṣe kúrò ní ilé-ìwé. Kí ó kàn sún díẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Ní ilé-ìwé kan ní ìtòsí yín lónìí, ọmọbìnrin kan wà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá tó ti Ogunkoya tàbí ti Amusan. Kò sí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n, òun pàápàá kò mọ ara rẹ̀, nítorí pé kò sí ẹni tí ó tíì di aago mú dúró de òun ní ìparí ìlà.